Ariwo Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Djègan-Kpèvi, Àjàṣẹ́
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsàrì

Chafic ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Parakou lọ́hùn-ún? Ṣé oòrùn ibẹ̀ kò mú jù? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ yóò dá ọ padà fún mi pẹ̀lú ayọ̀, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹni tó bá ń wá ìjà rẹ yóò gba ọ̀nà ibòmíràn. Àmín. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà, ara le, àfi orúnkún mi tó máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àti Ìyá àgbà rẹ, tó jẹ́ pé nítorí wọn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

O máa ní èwo ni ti lẹ́tà láyé ìsinsìnyí, nígbà tí o ti ra pọ́tábù tí à ń fi pe ara wa fún mi. Chafic, pọ́tábù náà dára, Ọlọ́run á san án fún ọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ọṣẹ nù ún tí mo sì ṣèèṣì tẹ nǹkan kan lára rẹ̀, bí o bá ti lanu ní Parakou báyìí, gbogbo agboolé ló ń gbọ́ ọ, Odile ìyàwó Théophile aládùúgbò wa a sì máa dá ọ lóhùn láti ibi tó ti ń fọ abọ́. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ohun kejì ni pé bí mo bá ń bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí rẹ̀, ẹkún ni màá máa sun, mo sì ti wò ó dáadáa, wọ́n ń yọ owó ẹkún náà bí wọ́n ṣe ń yọ owó ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú bébà. Ẹ̀kọ́ ìwé Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, tí bàbá rẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ pé ta ni màá kọ̀wé sí, òun ló wúlò lónìí. Rodrigue tó ń wa ọkọ̀ akérò wá sí ọ̀dọ̀ yín ni yóò mú un wá, fún un ní omi mu, ọ̀nà náà jìn.

Odile ti bí ọmọbìnrin, Carine ni wọ́n sọ ọ́, orí rẹ̀ tóbi ṣùgbọ́n ó rẹwà. Adìyẹ funfun mi sọnù. Àwọn ìjọba wá kọ nọ́ńbà ńlá kan sára ògiri wa, mo sì bi ọkùnrin tó kọ ọ́ pé ṣé iye èèyàn tó yẹ kó máa gbé inú ilé náà nìyẹn, nítorí a ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀dà rẹ̀, ó lọ. Nítorí náà mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan wa ní Sèmè-Kpodji pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ wa tètè máa bọ̀, kí wọ́n má baà wá kà wá kí wọ́n sì rí i pé a dín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ, ó sì ń wúwo lọ́wọ́ mi. O rántí bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á ṣáná sí ọkọ̀ náà, á fi í sílẹ̀ kó máa ró níwájú fèrèsé Ìyá àgbà, á lọ mu ẹ̀kọ rẹ̀, á padà wá dúró lábẹ́ fèrèsé, á ní Ìyá, mo ń lọ o. Ìyá àgbà á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kó lọ ire, kó bọ̀ ire, kó má pàdé aburú lọ́nà Kútọnu, àdúrà wọn kì í sì í tètè tán, bàbá rẹ á fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, á fi ọ̀kan síta, á máa ṣe àmín. Ní gbogbo ìgbà yẹn ọkọ̀ náà á máa ró ṣákáṣákáṣáká, bí ẹni ń mi ẹkùrọ́ nínú agolo. Bó bá ń rìn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó bá dúró tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò dákẹ́ ni ariwo náà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ọlọ́run gba bàbá rẹ lọ́wọ́ wa nílé ìwòsàn, Bàbá Abibou tí í ṣe olórí ẹbí wa pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí Ìyá àgbà. Wọ́n ní ojú wọn kò ríran mọ́, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, Rachidou bàbá rẹ nìkan ló kù fún wọn nínú ọmọ tí wọ́n bí, bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti lọ ṣáájú wọn, ọ̀rọ̀ náà á pa wọ́n. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn láti ìgbà àwọn bàbá bàbá yín, ìyá arúgbó kì í gbọ́ òkú ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa gbà. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o sì ṣe àmín. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan ní Sèmè kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún, a sin bàbá rẹ, a ṣe fídáù rẹ̀, ìwọ sì ti padà sí Parakou kí a tó gbé wọn dé, torí ọ̀gá rẹ kò fún ọ láàyè tó gùn.

Irọ́ tí a pa fún wọn ni pé dókítà ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀fun bàbá rẹ, pé ó ní kó má fọhùn rárá títí yóò fi jinná. Théophile ló wá ń bá wa ṣáná sí ọkọ̀ náà láràárọ̀. O mọ̀ ọ́n, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni, tíṣà ni, ọlọ́run rẹ̀ ò fẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bàbá rẹ. Á ti ibi àdúrà wọn dé pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, á jókòó sínú ọkọ̀ Mùsùlùmí, á jẹ́ kó máa ró títí Ìyá àgbà yóò fi gbàdúrà tán lójú fèrèsé, á wà á dé ìkóríta, á gbé e síbẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn padà wá múra ilé ìwé. Bí wọ́n bá sùn tán, á lọ gbé e wá. Ìyá àgbà a máa bi mí pé irú ọ̀fun wo ni kì í jinná yìí, ṣé ọ̀fun ràkúnmí ni. Wọ́n ní kí ló dé tí kì í wọlé wá di àwọn lọ́wọ́ mú bí kò bá tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Màá ní ó máa ń wá, oorun ló máa ń gbé wọn. Wọ́n ní kí n máa jí àwọn. Màá ní òun ló ní kí n má jí wọn. Irọ́ kan á bí ìkejì, màá máa gbé wọn pọ̀n.

Bí ẹkún bá gbé mi, ilé Odile ni mo ti máa ń sun ún. Bí mo bá padà dé, Ìyá àgbà á ní ohùn mi ti yí, màá ní àlùbọ́sà Odile ló ta mí lójú. Wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún Odile kó yé ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún un. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Odile, a sì jọ rẹ́rìn-ín, a tún jọ sunkún.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ẹja. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá àgbà máa ń yọ ẹja tó dára jù nínú abọ́ wọn, wọ́n á ní kí n bò ó sílẹ̀ de Rachidou, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó báyìí kò gbọdọ̀ jẹ ọbẹ̀ òfìfo. Mi ò lè gbé e dànù, torí wọ́n á bi mí láàárọ̀ bóyá ó dùn. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn ilé, lórí ìdúró, kí n lè dáhùn pé ó dùn láìpurọ́. Chafic, èmi opó, mo jẹ ẹja ọkọ mi tó ti kú títí mo fi sanra. Àwọn èèyàn ní ara mi ti ń bọ̀ sípò.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí o pè mí láàárọ̀ tí ọkọ̀ náà ń ró lẹ́yìn mi. O bi mí pé ariwo kí nìyẹn, mo ní ọkọ̀ bàbá rẹ ni, o ní ṣé ariwo yẹn ṣì wà níbẹ̀, o wá ní kí n wá ẹni bá wa tún un ṣe, pé ohun tó bá ń gbọ̀n báyìí lábẹ́ ọkọ̀ lè já bọ́ lọ́jọ́ kan. Mi ò dá ọ lẹ́bi o, má rò bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ lo sọ. Èmi tí mo wà nílé ni kò ronú. Mo ń wo ọmọ Odile tí ariwo náà ń jí láràárọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́ fún mi nítorí ojú, mo tún rò ó pé ohun tí bàbá rẹ fi bọ́ wa ni ọkọ̀ yẹn, bí mo bá tọ́jú rẹ̀, sàráà ni fún un. Mo mọ̀ pé nígbà ayé rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ariwo náà. Ó ní òun ni àwọn oníṣòwò ọjà Ouando fi ń dá òun mọ̀, kí òun tó fọn fèrè, wọ́n á ti gbé ẹrù wọn sórí. Mo rò pé àwàdà ọkùnrin tí kò fẹ́ náwó ni.

Mo kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ fúnra mi. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìgbà tó bá dúró ló ń gbọ̀n, tí kì í gbọ̀n bó bá ń rìn, mo ní òtútù ni. Èmi náà, bí mo bá jókòó ní kùtùkùtù, mo máa ń gbọ̀n, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ara mi ń móoru. Mo wá fi kúbùsù bò ó níwájú mọ́jú. Nígbà tí Théophile ṣáná sí i, ó tún gbọ̀n, Théophile sì sáré bọ́ sílẹ̀, ó ká kúbùsù náà kúrò, ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ó lè gbiná. Mo ní ṣé òtútù náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé kúbùsù náà lé mi lọ́wọ́.

Ó gbé wa lọ bá ọkùnrin kan ní Ouando tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Mo wọ aṣọ tó dára, mo mú ìwé ọkọ̀ náà dání, bí ẹni tó ń lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin náà ki wáyà bọ ibì kan lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń dì mú, ó ń wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì dúró kó bi mí bí ọkọ̀ náà ṣe dàgbà tó àti ohun tó lò kẹ́yìn. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní ẹ̀rọ náà kò rí àìsàn kankan. Mo ní ṣé kò gbọ́ ọ ni, ariwo náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í gbọ́ràn, ohun tó kan iná mànàmáná nìkan ló ń rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún Théophile lọ́nà pé dókítà tí kò lè gbọ́ ikọ́, kí ló ń jókòó sílé ìwòsàn ṣe.

Ibi tí ó parí sí ni ọ̀dọ̀ Tidjani, mẹkanò tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Òun kò ní ẹ̀rọ, irin gígùn tí wọ́n fi ń tú ìdè ló mú. Ó ní kí Théophile ṣáná sí ọkọ̀, kó má tẹ nǹkan kan, kó jókòó jẹ́ẹ́, ó ní ralantí ni wọ́n ń pe irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹnu irin náà kan ẹ́ńjìnì, ó fi ìdí rẹ̀ bọ etí, ó dijú. Mo rò pé ó ń pe ẹnì kan. Mo dákẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé irin náà kúrò, ó fi kan ibòmíràn, ó tún tẹ́tí, ó mi orí, mo bá bi Théophile bóyá nọ́ńbà ẹni náà ni kò wọlé.

Ó kọ́kọ́ ní rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé ló ti jẹ. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ariwo ń lọ. Ó ní bẹ́líìtì ni, ó yọ ọ́ wò, ariwo ń lọ. Ojú tì í, ó ní kí a máa bọ̀ lọ́la. Nígbà tí a padà dé, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ kan, ó ń fi í ti àwọn ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ ikùn ọmọ láti mọ ibi tó ń dùn ún. Bó ṣe ti irin pẹlẹbẹ kan tó bo ọ̀pá èéfín, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọkọ̀ náà lẹ́nu. Ó mú igi kúrò, ariwo dé. Ó tún tì í, ariwo lọ. Ó ní irin náà ni kì í jẹ́ kí ooru èéfín jó abẹ́ ọkọ̀, ìdè rẹ̀ ló ti dípẹtà, bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, á máa gbá ara ọ̀pá náà. Ó yọ ìdè tó ti dípẹtà dànù, ó fi ọ̀já irin dè é pinpin. Ohun tó ti ń pariwo lé wa lórí láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, irin tí kò tó ìdérí ìkòkò ni. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo jó níwájú Tidjani. Mo ní nínú ọkàn mi pé Rachidou, wò ó, mo ti bá ọ tọ́jú nǹkan rẹ. Ijó yẹn ń dùn mí lẹ́sẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Théophile ṣáná sí ọkọ̀ náà, ó ń ró fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn. Ó dúró bó ti máa ń dúró. Kò gbọ́ àdúrà. Ó dúró títí ó fi sú u, ó wà á lọ. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ wọlé, Ìyá àgbà ní kí ló ṣe Rachidou tí kò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní ó ti lọ tipẹ́. Wọ́n ní àwọn kò sùn láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ, àwọn kò gbọ́ ọkọ̀. Mo ní bóyá oorun gbé wọn lọ díẹ̀. Wọn kò mu ẹ̀kọ náà tán.

Mo sáré lọ bá Tidjani, mo kúnlẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó dá ariwo náà padà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ mẹkanò ṣe, ẹnikẹ́ni kò tíì wá bẹ òun pé kí òun ba ọkọ̀ tó ti dára jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ọ̀já náà, ṣùgbọ́n àwọn ìdè àtijọ́ ti lọ, rọ́bà ẹ́ńjìnì náà sì ti di tuntun, ariwo tó jáde kì í ṣe èyí tí a mọ̀. Ó ń ró kàn, kàn, kàn, bí ẹni ń fi ṣíbí lu abọ́. Ó dè é díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tú u díẹ̀, ó tún ró kàn, kàn. Ó fi páànù há a, ó ró bí ilẹ̀kùn. Títí oòrùn fi wọ̀, ariwo bàbá rẹ la ń wá lábẹ́ ọkọ̀ náà, a kò rí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ jókòó sétí ibùsùn Ìyá àgbà, mo ń bẹ Ọlọ́run. Théophile ṣáná sí i. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tẹ́tí pẹ́. Wọ́n wá ní ẹnì kan ti tún ọkọ̀ yìí ṣe, ẹni náà sì tún ti bà á jẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò lè gbà kí wọ́n tún ariwo yẹn ṣe níṣojú rẹ̀, àwọn tí àwọn bí i gan-an ti bá a jà lórí rẹ̀, kò gbà. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá apá mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n ní ìyàwó, ọjọ́ wo ni Rachidou kú.

Wọn kò bi mí bóyá ó kú, Chafic. Ọjọ́ tó kú ni wọ́n bi mí. Irọ́ tán lẹ́nu mi, mo sọ ọ́. Níta, ọkọ̀ ń ró kàn, kàn, kàn, Théophile jókòó sínú rẹ̀, ó ń dúró de àdúrà, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún ẹni yẹn, ẹni yòówù kó jẹ́, pé kó pa á, kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ṣe wàhálà tó.

Wọ́n wá bi mí ní ohun kan tí mi ò mọ èsì rẹ̀. Wọ́n ní láràárọ̀ ni àwọn ń gbàdúrà fún un pé kó pẹ́ láyé, kó sin àwọn. Wọ́n ní níbo ni gbogbo àdúrà yẹn ń lọ, ta ló ń gbà á. Wọ́n ní òkú ní àdúrà tirẹ̀, gbogbo wa ló gbà á fún un, títí kan aládùúgbò, ìyá tó bí i nìkan ni kò gbà á. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Abibou, wọ́n ní Ọlọ́run mọ bí yóò ti pín in. Mo jíṣẹ́ fún Ìyá àgbà, wọ́n ní kí Abibou wá sọ ọ́ fún àwọn lójúkojú. Bàbá Abibou kò tíì wá, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò pa wọ́n o. Ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí n gbé àwọn jókòó sórí rẹ̀, kí n ṣí ilẹ̀kùn, pé àwọn ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ àwọn, kí àwọn èèyàn lè rí àwọn kí. Àwọn èèyàn wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Odile wá, Tidjani fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, wọ́n ní ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tù yín nínú, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n sì dìde, torí fún wọn ikú náà ti gbó. Lọ́jọ́ kejì kò sí ẹni tó wá. Èmi náà jókòó tì wọ́n, mo fẹ́ bá wọn sunkún, ojú mi gbẹ. Mo ti sun tèmi tán nílé Odile. Wọ́n ń sunkún ọmọ wọn bí ẹni pé àná ló kú, àwa tó yí wọn ká ti ń bá ayé wa lọ. Wọn kò bá mi jà, ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ní kí n gbé e kalẹ̀, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ni màá ṣe padà wá gbé e. Wọ́n ń rù, Chafic. Ọwọ́ wọn ti fúyẹ́ bí aṣọ.

Lánàá wọ́n bi mí pé nínú gbogbo wa, ta ló kù tí kò tíì sunkún Rachidou tán. Mo ronú títí, ìwọ ni mo rí. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, ìwọ lò ń sá sókè sá sódò, o ń wá àga, o ń wá omi, o ń dá àwọn èèyàn lóhùn, ẹnikẹ́ni kò rí omi lójú rẹ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o wọ ọkọ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí o bá pè mí, ọkọ̀ lo máa ń bèèrè. Ṣé wọ́n ń ṣáná sí i? Ṣé táyà rẹ̀ ṣì dára? Mo máa ń dá ọ lóhùn nípa táyà. Ìyá ni mí, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ lò ń bèèrè.

Níbi tí mo dé yìí ni mo ti máa ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ, mo sì mọ̀ ọ́, bí o bá ka ibi tí mo ti ní Ìyá àgbà ò jẹun, owó lo máa kọ́kọ́ fẹ́ ki bọ inú pọ́tábù ránṣẹ́. Má fi ránṣẹ́. Pọ́tábù náà á kàn pariwo ni. Ẹkún tí o gbé lọ sí Parakou ni kí o gbé bọ̀, ó ti ju tìẹ nìkan lọ. Wá jókòó ti ìyá bàbá rẹ lórí ẹní yẹn, kí ẹ jọ sun ún, bóyá wọ́n á lè jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ kú. Bó bá ní ṣebí ó ti kú lọ́dún tó kọjá, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ dandan kí o mú nǹkan dání, mú wàrà àwọn Fúlàní ibẹ̀ wá, wọ́n lè tọ́ ọ wò lọ́wọ́ rẹ.

Mo fẹ́ gbàdúrà fún ọ báyìí kí n fi parí rẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró lórí bébà, nítorí ohun tí Ìyá àgbà bi mí. Rodrigue á pẹ́ lọ́nà, mi ò sì rí ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ọlọ́run á mú ọ pẹ́ láyé, wàá sin mí. Ọlọ́run á jẹ́ kí àdúrà yìí bá ọ láàyè. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bassirath